Yàrá Abẹ́ Àpáta

Nígbà tí mo ti Ìlọrin dé, bàbá mi kò béèrè bóyá mo ti jẹun.
Ó gbé ìwé ìṣirò lé mi lọ́wọ́
bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná fún nọ́ọ̀sì.
"Ṣíjúọlá, bá mi wò ó. Ojú mi kò rí èrè mọ́,
ìgò nìkan ni mò ń rí."

Ilé Wáìnì Ṣódiyá, ní gẹ̀rẹ́ Ìtòkú.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka ìgò:
igba ó lé mọ́kànlélógún.
Mẹ́rìnlélógójì ti kan lójú fèrèsé,
níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wò wọ́n
bí olówó èlé ti í wo onígbèsè.
Màmá mi fi ọ̀kan se ẹran. Ẹran náà rọ̀.
Ẹ̀rín la fi jẹ ẹ́, kò sí èrè níbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ wa ń mu ju àwọn oníbàárà lọ.
Nínú oṣù Ẹrẹ̀nà nìkan,
ó mu ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà,
kò sì ra ìgò kan.

Mo ṣí ojú ìwé kejì. Àwìn ló jókòó síbẹ̀, ó na ẹsẹ̀.
Lọ́yà Ṣóẹ̀tán, páálí méjì fún ìsọmọlórúkọ,
"ó di ìparí oṣù."
Oṣù wo? Ọmọ náà ti ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi.
Ìjọ òkè ọ̀hún, wáìnì oúnjẹ Olúwa, ọdún kan àtààbọ̀.
Bàbá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: Ọlọ́run mọ̀.
Mo fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: kí akápò náà mọ̀.

Ti ilẹ̀ Faransé wà nílẹ̀, páálí méje,
tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ọrùn ìgò lọ.
Bàbá rà á torí wọ́n ní ìlú ti ń lajú.
Ìlú lajú lóòótọ́.
Ó la ojú, ó wo iye rẹ̀, ó kọjá lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo ń wá ìṣáná
nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ilé wa ti fara ti òkúta.
Ará Abẹ́òkúta mọ irú yàrá bẹ́ẹ̀:
bíríkìlà kò rí àpáta fọ́,
ó bá sọ ọ́ di ògiri kẹrin.
Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó tutù
bí ọwọ́ ìyá àgbà níwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Ibẹ̀ ni ìyá bàbá mi ń gbé àmù rẹ̀ sí.
Ogójì ọdún lomi rẹ̀ fi tutù, kò bu epo sí i rí.
Mo dá ẹ̀rín rín nínú òkùnkùn.
Ogun lé àwọn ẹni àná wá sábẹ́ òkúta yìí, ó gbà wọ́n.
Ṣé wáìnì ni yóò wá kọ̀?

A ta fìríìsà méjì. A tẹ́ pákó, a da ìgò dùbúlẹ̀ bí aláìsàn.
Ti Faransé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ife kéékèèké.
Àwọn aláró wá nírọ̀lẹ́, aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn,
wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n yínmú.
Ọ̀kan padà wá lọ́jọ́ kejì,
ó mú àbúrò rẹ̀ dání.

Lọ́yà san tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kì í kí mi mọ́.
Akápò san ìlàjì, ó fi àdúrà san ìyókù.

Oṣù Ọ̀wàrà: èrè, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà ó lé díẹ̀.
Kò tó ohun tí à ń pariwo.
Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí
tí bírò pupa sinmi.

Lánàá, mo rí bàbá tí ó ki ìgò kan bọ àpò
télọ̀ Adéṣínà, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí.
Kò kọ ọ́ sí àwìn. Ó kọ ọ́ síbi tí a ń kọ ohun tó fọ́ sí.
Mo wo ilẹ̀. Kò sí àfọ́kù kankan.

Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá a bẹ́ẹ̀ náà.